FINDRISC ní àdúgbò wa: àgbéyẹ̀wò fọ́ọ̀mù ìbéèrè mẹ́jọ tí a fi ń wá ewu àtọ̀gbẹ

Fọ́ọ̀mù ojú ìwé kan péré ni FINDRISC. Ìbéèrè mẹ́jọ ni ó wà nínú rẹ̀, ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní iye máàkì tirẹ̀, àròpọ̀ gbogbo máàkì náà kò sì lè ju 26 lọ. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún ni láti mọ àgbàlagbà tí ó ṣeé ṣe kí àtọ̀gbẹ oríṣi kejì mú láàárín ọdún 10 sí àkókò tí ó ń dáhùn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi abẹ́rẹ́ gún un níka. Àwọn onímọ̀ ìlera méjì ní Finland, Jaana Lindström àti Jaakko Tuomilehto, ni wọ́n gbé e jáde ní ọdún 2003, ó sì ti dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè láti ìgbà náà. Ó ti dé ọ̀dọ̀ wa náà. Àwọn ẹgbẹ́ kan tí ń ṣe àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí àti ní ọjà máa ń lò ó, pàápàá jù lọ nígbà tí ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá bá ń bọ̀, èyí tí í ṣe Ọjọ́ Àtọ̀gbẹ Lágbàáyé àti ọjọ́ ìbí Frederick Banting, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣàwárí insulin.

Mo ti bá irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ jókòó lo fọ́ọ̀mù yìí ní Ìbàdàn, ibi tí mo sì fìdí ọ̀rọ̀ tì ni pé ó dára, ó rọrùn, owó tí ó ń gbà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n bí a kò bá tún ọ̀nà tí a ń gbà bi àwọn ìbéèrè kan nínú rẹ̀ ṣe, yóò máa sọ fún ẹni tí kò tíì rí dókítà rí pé ewu kò sí lórí rẹ̀.

Kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ó mú kí irú fọ́ọ̀mù báyìí wúlò. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà nípa àwọn àìsàn tí kì í ràn, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1997 lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínkùgbé, fi hàn pé ìdá 2.2 nínú 100 àwọn àgbàlagbà ni ó ní àtọ̀gbẹ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ mìíràn kó ọ̀pọ̀ ìwádìí tí wọ́n ti ṣe ní orílẹ̀-èdè yìí jọ ní ọdún 2018, iye tí wọ́n rí ti di 5.77 nínú 100. International Diabetes Federation, tí a mọ̀ sí IDF, ṣírò ní ọdún 2021 pé nínú gbogbo 100 àgbàlagbà tí ó ní àìsàn yìí ní ẹkùn Áfíríkà, 54 ni kò mọ̀ pé àwọn ní in. Ìdí kò jìnnà. Àtọ̀gbẹ oríṣi kejì lè wà lára fún ọ̀pọ̀ ọdún láì fi àmì kankan hàn. Òùngbẹ tí omi kì í pa, ìtọ̀ òru lemọ́lemọ́, àti èèrà tí ń ṣù bo ibi tí ènìyàn tọ̀ sí, tí àwọn àgbà wa ti mọ̀ láti ìgbà pípẹ́, máa ń pẹ́ kí wọ́n tó yọjú, nígbà tí wọ́n bá sì yọjú, ojú, ẹsẹ̀ tàbí kíndìnrín lè ti fara gbá.

Ẹnìkan lè béèrè ìdí tí a kò fi kúkú gba ẹ̀jẹ̀ gbogbo ènìyàn, kí a sì fi ìbéèrè sílẹ̀. Èmi náà ti gbọ́ ìbéèrè yìí lẹ́nu àwọn tí ó wá fún àyẹ̀wò, nítorí pé lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, àyẹ̀wò tí kò bá sí abẹ́rẹ́ nínú rẹ̀ kì í ṣe àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti mu ẹ̀kọ, tí ó sì ti jẹ àkàrà ní agogo méje àárọ̀ kí ó tó wá jókòó ní iwájú nọ́ọ̀sì ní agogo mẹ́sàn-án, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò ti gòkè nítorí oúnjẹ, bí iye tí ẹ̀rọ bá sì gbé jáde kò bá tó 11.1 mmol/L, èyí tí àwọn ẹ̀rọ mìíràn ń kọ sí 200 mg/dL, kò sí ohun kan pàtó tí a lè sọ fún un. Àyẹ̀wò tí ó ní ìtumọ̀ tí ó ṣe kedere ni èyí tí a ṣe lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ ó kéré tán láìjẹun: 7.0 mmol/L, tàbí 126 mg/dL, sókè ni a ń pè ní àtọ̀gbẹ, a sì gbọ́dọ̀ tún un ṣe ní ọjọ́ mìíràn bí ẹni náà kò bá ní àmì àìsàn kankan. Ta ni yóò gba ààwẹ̀ wá sí ibi àyẹ̀wò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde lẹ́yìn ìwàásù? Strip tí a ń fi sínú ẹ̀rọ náà kì í ṣe ọ̀fẹ́, ó sì máa ń tán kí èrò tó tán.

Àyẹ̀wò HbA1c, tí ń wo ṣúgà tí ó ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa láti nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn, kò nílò ààwẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí i láti ọdún 2011 pé 6.5 nínú 100 sókè jẹ́ àtọ̀gbẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ genotype wọ inú rẹ̀ fún àwa. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni ó jẹ́ AS, ìwádìí kan tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2017 láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú sì rí i pé HbA1c àwọn tí ó jẹ́ AS kéré ju ti àwọn yòókù lọ, 5.72 sí 6.01, bí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn tilẹ̀ jẹ́ bákan náà. Ìyẹn ni pé àyẹ̀wò olówó iyebíye yìí lè dá ẹni tí ó wà ní bèbè àìsàn láre. Ní ti ẹni tí ó jẹ́ SS, a kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé e rárá. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé ó yẹ kí fọ́ọ̀mù ṣáájú ẹ̀jẹ̀: kí a fi téèpù àti ìbéèrè yan àwọn tí ó yẹ kí wọ́n wá láàárọ̀ kùtùkùtù láìjẹun, kí a sì fi àwọn strip díẹ̀ tí a ní dúró dè wọ́n.

Ìbéèrè ọjọ́ orí ni ó ṣáájú nínú fọ́ọ̀mù. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 45 kò gba nǹkan kan, 45 sí 54 gba máàkì 2, 55 sí 64 gba 3, ẹni tí ó ju 64 lọ gba 4. Láàárín àwọn àgbà tí wọn kò kọ ọjọ́ ìbí wọn sílẹ̀, ẹ fi ìṣẹ̀lẹ̀ wá ọjọ́ orí náà. Ṣé ìyá náà ti lọ sí ilé ọkọ nígbà tí a gba òmìnira ní 1960? Ọmọ mélòó ni ó ti bí nígbà tí ọkọ̀ kúrò ní ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún ní oṣù kẹrin ọdún 1972, tàbí nígbà tí náírà dé ní ìbẹ̀rẹ̀ 1973? Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ni fọ́ọ̀mù fi ń ka ọjọ́ orí, ìṣirò báyìí tó.

Ti BMI, tí a fi ìwọ̀n ara àti gíga ṣírò, kò gba àlàyé púpọ̀. Láti 25 sí 30 gba máàkì 1, ju 30 lọ gba 3. Kí òṣùwọ̀n dúró lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí gbogbo ènìyàn bọ́ bàtà, kí àwọn ìyá wa sì ṣí gèlè kí a tó wọn gíga wọn, nítorí gèlè lè sọ ẹni tí ó sanra di ẹni tí ó wulẹ̀ ga.

Ìwọ̀n àyíká ikùn ni mo gbà pé ó níye lórí jù lọ nínú gbogbo fọ́ọ̀mù náà, nítorí pé kò béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni mọ̀ tàbí rántí. Ọkùnrin tí àyíká ikùn rẹ̀ bá wà láàárín 94 àti 102 sẹ̀ǹtímítà gba máàkì 3, èyí tí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ gba 4. Fún obìnrin, 80 sí 88 gba 3, ju 88 lọ gba 4. Ìsàlẹ̀ egungun ìhà, ní déédéé ìdodo, ni a ń wọ̀n, lẹ́yìn tí ẹni náà bá ti mí jáde, láì jẹ́ kí ó fa ikùn wọlé. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni yóò sọ pé kí a má ṣe ìyọnu, pé ṣòkòtò wọn jẹ́ ínǹṣì 36. Ẹ má gbà á. Abẹ́ ikùn ni wọ́n ń de bẹ́líìtì mọ́, ikùn fúnra rẹ̀ sì wà lókè bẹ́líìtì náà, kò sí ẹni tí ó wọ̀n ọ́n. Ti àwọn obìnrin gba ìfarabalẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. A kò lè fi téèpù wọn ikùn obìnrin lórí ìró onípele méjì, bẹ́ẹ̀ ni kò bójú mu pé kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan máa tú ìró ìyá àgbà ní iwájú èrò. Aṣọ ìkélé kan, obìnrin kan tí ó mọ bí a ti ń wọ̀n, àti téèpù tuntun ni ó yanjú ọ̀rọ̀ náà. Mo sọ pé téèpù tuntun, nítorí téèpù aránṣọ tí ó ti pẹ́ máa ń fà gùn, a ó sì máa ka ikùn ní kíkéré ju bí ó ti rí lọ.

Àwọn iye wọ̀nyí, 94 àti 80, ara àwọn òyìnbó ni wọ́n fi wá wọn. IDF sọ ní ọdún 2006 pé kí a máa lò wọ́n fún àwọn ará Áfíríkà ní gúúsù Sàhárà títí tí a ó fi rí tiwa. Nítorí náà, ẹ fi wọ́n ṣe atọ́nà, kí ẹ má fi wọ́n búra. Mo tún kíyè sí i pé ikùn tí ó yọ síwájú ṣì ń jẹ́ àmì ìgbádùn lójú ọ̀pọ̀ nínú wa, bí a bá sì sọ fún alàgbà kan pé ikùn rẹ̀ gba máàkì 4, ó lè kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí a yìn.

Ìbéèrè nípa ìṣe ara kò le: ǹjẹ́ ẹni náà ń lo ara rẹ̀ fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 30 lójoojúmọ́, yálà lẹ́nu iṣẹ́ tàbí lẹ́yìn iṣẹ́? Bẹ́ẹ̀ ni kò gba nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ kọ́ gba máàkì 2. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àṣekára àti lílo ara kì í ṣe ohun kan náà. Ẹni tí ó jókòó sí ìsọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ yóò sọ pé òun ṣiṣẹ́, ó sì ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ẹni tí ń gun ọ̀kadà náà yóò sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìjókòó ni àwọn méjèèjì wà. Ẹ béèrè bí ẹsẹ̀ ṣe ń gbé wọn lọ tí ó sì ń gbé wọn bọ̀. Ti ẹ̀fọ́ àti èso gba máàkì kan ṣoṣo fún ẹni tí kì í jẹ wọ́n lójoojúmọ́, n kò sì rò pé ó yẹ kí a fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀. Àwọn ará Finland fi èso wẹ́wẹ́ inú igbó tiwọn sínú rẹ̀, àwa sì fi ọsàn, ìbẹ́pẹ àti máńgòrò rọ́pò. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé kò sí ìbéèrè kankan nípa ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Àwọn ìbéèrè mẹ́ta tí ó kù ni ìṣòro wà. Àkọ́kọ́: ǹjẹ́ o ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru déédéé rí? Bẹ́ẹ̀ ni gba máàkì 2. Èkejì: ǹjẹ́ wọ́n ti rí i rí pé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ ga, bóyá níbi àyẹ̀wò, nígbà àìsàn tàbí nínú oyún? Bẹ́ẹ̀ ni gba 5. Ẹ̀kẹta: ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni nínú ẹbí rẹ ní àtọ̀gbẹ? Òbí, ọmọ ìyá tàbí ọmọ tí o bí gba 5. Òbí àgbà, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n òbí, àti àwọn ọmọ wọn gba 3. Ẹ ro máàkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: 2 àti 5 àti 5 jẹ́ 12. Nínú 26, máàkì 12 ni ó wà lọ́wọ́ ẹni tí dókítà ti wò rí tàbí tí dókítà ti wo ẹbí rẹ̀ rí. Finland jẹ́ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà ti máa ń hàn lójú ìwé ilé ìwòsàn, nítorí náà ìdáhùn «rárá» níbẹ̀ túmọ̀ sí rárá lóòótọ́. Ní ọ̀dọ̀ wa, ó sábà máa ń túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni kò tíì wò ó.

Ẹ jẹ́ kí a fi obìnrin méjì ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn méjèèjì jẹ́ ẹni ọdún 58, BMI wọn jẹ́ 31, àyíká ikùn wọn jẹ́ 92, wọ́n ń rìn dáadáa lójoojúmọ́, wọn kì í sì í jẹ ẹ̀fọ́ lójoojúmọ́. Ọjọ́ orí gba 3, BMI gba 3, ikùn gba 4, ẹ̀fọ́ gba 1, ó di 11. Èyí àkọ́kọ́ kò tíì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rí, ilé agbẹ̀bí ìbílẹ̀ ni ó bí gbogbo ọmọ rẹ̀ sí, ìyá rẹ̀ sì kú lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀. Máàkì rẹ̀ dúró sí 11, fọ́ọ̀mù yóò sì sọ fún un pé ewu rẹ̀ lọ sókè díẹ̀, pé ẹnì kan nínú 25 irú rẹ̀ ni àtọ̀gbẹ yóò mú. Èkejì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ilé ìwòsàn rí ṣúgà lára rẹ̀ nígbà oyún àbígbẹ̀yìn rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì gba ìtọ́jú àtọ̀gbẹ kí ó tó jáde láyé. Máàkì tirẹ̀ jẹ́ 23, wọ́n á sì sọ fún un pé ẹnì kan nínú méjì. Ara kan náà ni àwọn obìnrin méjèèjì gbé wá. Káàdì ilé ìwòsàn ni ọ̀kan ní tí èkejì kò ní.

Ohun tí èmi ń ṣe sí èyí, tí kì í ṣe ara ìlànà àwọn tí ó ṣe fọ́ọ̀mù náà, ni pé mo máa ń ya «n kò mọ̀» sọ́tọ̀ kúrò lára «rárá», mo sì máa ń kọ iye méjì sílẹ̀: èyí tí ẹni náà ní bí gbogbo ohun tí kò mọ̀ bá jẹ́ rárá, àti èyí tí yóò ní bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Fún obìnrin àkọ́kọ́ yẹn, a ó kọ 11 sí 23. Ẹnikẹ́ni tí iye gíga rẹ̀ bá dé 15 ni kí ó wá fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láìjẹun. Ti ẹ̀jẹ̀ ríru tilẹ̀ rọrùn jù: ẹ̀rọ tí a fi ń wọ̀n ọ́n sábà máa ń wà lórí tábìlì níbẹ̀, kí a wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀ dípò kí a máa béèrè oògùn tí ẹni náà lè ti pa tì láti ìgbà tí ara rẹ̀ ti yá.

Ìbéèrè ẹbí gba ọgbọ́n ju gbogbo rẹ̀ lọ. Nínú agbo ilé, àbúrò ìyá mi ni mo ń pè ní ìyá mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo ń pè ní ẹ̀gbọ́n, àwọn ọbàkan sì pọ̀ nínú ilé olórogún. Bí ẹ bá béèrè pé «Mà, ṣé ìyá yín ní àtọ̀gbẹ?», ìdáhùn tí ẹ gbọ́ lè jẹ́ ti ìyàwó bàbá wọn, ẹ ó sì fi máàkì 5 sí ibi tí òfo ti yẹ. Ẹ sọ pé «ìyá tí ó bí yín lọ́mọ», kí ẹ sì béèrè bóyá ìyá kan náà àti bàbá kan náà ni ó bí ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ń sọ. Ní ti àwọn tí ó ti kú, ẹ béèrè ohun tí ojú rí: ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni wà tí egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ láti jinná, tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ṣú díẹ̀díẹ̀, tí gbogbo ilé sì ní ọwọ́ ayé ni? A kò lè fún ìyẹn ní máàkì, ṣùgbọ́n ó tó láti kọ «n kò mọ̀» dípò «rárá».

Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ rẹ ohùn yín sílẹ̀. Mo ti wà níbi àyẹ̀wò kan tí wọ́n ti ń kígbe béèrè àìsàn ìdílé láti orí tábìlì kan dé èkejì, tí ìyá tí ó ní ọmọbìnrin tí wọ́n fẹ́ fẹ́ níyàwó sì jókòó sí àárín àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ìyá wo ni yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni?

Ní báyìí, kí ni àròpọ̀ máàkì náà ń sọ? Ẹni tí kò bá tó 7, ẹnì kan nínú 100 ni. 7 sí 11, ẹnì kan nínú 25. 12 sí 14, ẹnì kan nínú mẹ́fà. 15 sí 20, ẹnì kan nínú mẹ́ta. Ju 20 lọ, ẹnì kan nínú méjì. Àwọn ará Finland tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 35 àti 64, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ lẹ́yìn láti ọdún 1987, ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò náà, ẹni tí ó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ nìkan ni wọ́n sì kà sí ẹni tí àìsàn mú. Nítorí náà, n kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni ka «ẹnì kan nínú mẹ́ta» sí etí obìnrin Ìbàdàn bí ẹni pé a ti wọ̀n ọ́n lára àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ fi máàkì náà mọ ẹni tí ó yẹ kí ó ṣáájú lórí ìlà, kí ẹ dá ọ̀rọ̀ dúró síbẹ̀.

Kódà ní Finland, fọ́ọ̀mù náà ní ààlà. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò, kí wọ́n tó fi ìbéèrè ẹbí kún un, máàkì 9 sókè ni wọ́n fi ṣe àlà. Nínú gbogbo 100 tí àtọ̀gbẹ padà mú, ó ti tọ́ka sí 78, èyí sì dára gan-an fún ohun tí ó jẹ́ bébà lásán. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo 100 tí ó tọ́ka sí, nǹkan bí 13 péré ni ó di ẹni tí ń lo oògùn àtọ̀gbẹ láàárín ọdún 10. Ó yẹ kí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni mọ èyí kí wọ́n tó la ẹnu. Mo ti gbọ́ tí ẹnìkan sọ fún bàbá kan pé «ẹ ti ní ṣúgà, bàbá» nítorí pé máàkì rẹ̀ jẹ́ 16. Irọ́ ni. Ewu ni wọ́n rí, wọn kò rí àìsàn. Ibi tí ẹni tí a bá dẹ́rù bà báyìí sì ti ń kọ́kọ́ dúró ni ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ta àgbo ìtọ̀ ṣúgà ní ẹ̀gbẹ́ títì.

Fún àwọn ará wa tí ó wà ní Ìlú Ọba, n kò ní dábàá FINDRISC. Èyí tí ó wà ní ojúlé Diabetes UK, tí wọ́n ṣe pẹ̀lú Yunifásítì Leicester, bá wọn mu ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbéèrè méje ni ó ní, máàkì rẹ̀ lè dé 47, ó sì ń fún ẹni tí kì í ṣe òyìnbó ní máàkì 6 láti ìbẹ̀rẹ̀. Lóòótọ́, ó da Yorùbá, ará Íńdíà àti ará Jàmáíkà pọ̀ sínú àpótí kan, èyí kò sì dára tó. Síbẹ̀síbẹ̀, máàkì tí ó dúró lórí ohun tí dókítà ti rí tẹ́lẹ̀ nínú rẹ̀, ìyẹn ti ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ẹbí, jẹ́ 10 nínú 47 péré. Ẹni tí ó bá wà láàárín ọdún 40 sí 74 ní England, tí kò sì tíì ní irú àìsàn bí àtọ̀gbẹ tàbí àrùn ọkàn, tún ní ẹ̀tọ́ sí NHS Health Check, ìyẹn àyẹ̀wò ìlera ti ìjọba, lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Ẹ má jẹ́ kí lẹ́tà rẹ̀ máa sùn sí abẹ́ ẹnu ọ̀nà.

Bí wọ́n bá ní kí n fún FINDRISC náà ní máàkì, n ó fún un ní 7 nínú 10. Mo yọ 2 nítorí àwọn ìbéèrè mẹ́ta tí mo ti sọ, mo sì yọ 1 nítorí pé ó rọrùn débi pé ó ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn rò pé iṣẹ́ ti parí nígbà tí wọ́n bá kọ ọ́ tán. Àwọn tí ó ṣe é kò rò bẹ́ẹ̀. Ní Finland, wọ́n so ó mọ́ ètò kan tí wọ́n ń pè ní FIN-D2D, tí ó wáyé láti 2003 sí 2008, níbi tí wọ́n ti ń gba ẹni tí máàkì rẹ̀ ga sọ́wọ́, tí wọ́n sì ń tọ́ ọ sọ́nà. Ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn wá láti inú ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2001, níbi tí wọ́n ti pín àwọn ènìyàn 522 tí ṣúgà wọn ti ń gòkè ṣùgbọ́n tí kò tíì di àtọ̀gbẹ sí ọ̀nà méjì. Àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́ láti dín ìwọ̀n ara kù ní ìdá 5 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, láti dín ọ̀rá kù, láti jẹ oúnjẹ tí ó ní èèpo àti okùn nínú, àti láti lo ara fún ìṣẹ́jú 30 lójoojúmọ́, ewu tiwọn fi ìdá 58 nínú 100 dín kù.

Ẹ fi èyí wé ìwádìí tí ó jáde ní Ìlú Ọba ní ọdún 2012, ADDITION-Cambridge, tí ó tọ àwọn ènìyàn 20,184 tí ewu àtọ̀gbẹ wà lórí wọn lẹ́yìn fún nǹkan bí ọdún 10. Ìpè sí àyẹ̀wò kò dín iye àwọn tí ó kú kù láàárín àkókò náà. Mo ń sọ èyí fún àwọn olórí ẹgbẹ́ tí ń ra aṣọ àti fìlà tí a kọ orúkọ sí fún ọjọ́ àyẹ̀wò, tí wọn kò sì tíì bá ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ kankan sọ̀rọ̀ nípa ibi tí wọn yóò darí ẹni tí ó bá ní máàkì 18 sí. Bí kò bá sí nọ́ọ̀sì tí yóò gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láìjẹun ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, tí kò sì sí ẹni tí yóò pè é lórí fóònù bí kò bá yọjú, ẹ sún ọjọ́ náà síwájú kí ẹ sì wá nọ́ọ̀sì yẹn ná.

Ó ku àwọn tí kò yẹ kí wọ́n kọ fọ́ọ̀mù yìí rárá. Aláboyún ni àkọ́kọ́: ìyípadà ara rẹ̀ yóò da ikùn àti BMI rú, àyẹ̀wò tirẹ̀ sì wà ní ibi tí ó ti ń gba ìtọ́jú oyún. Ẹni tí dókítà ti sọ fún pé ó ní àtọ̀gbẹ kò nílò rẹ̀. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ní àgbẹjù, tí ó ń rù láìmọ ìdí, tí ó sì ń jí tọ̀ ní ìgbà púpọ̀ lóru, kí ó má jókòó ka ìbéèrè kankan. Ilé ìwòsàn ni kí ó gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an, yálà ó ti jẹun tàbí kò tíì jẹun, nítorí pé tirẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ewu ọdún 10 mọ́.